25 Water Street: bí ọ́fíìsì báńkì ṣe di fúláàtì 1,320 ní ìsàlẹ̀ Manhattan

Ìsàlẹ̀ pátápátá erékùṣù Manhattan, ní ìlú New York, ni ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, kò jìnnà sí etí omi. 4 New York Plaza lorúkọ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ilé iṣẹ́. 25 Water Street ni wọ́n ń pè é báyìí. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́ ọ parí fún iṣẹ́ báńkì Manufacturers Hanover: alájà 22, bíríkì pupa láti òkè délẹ̀. Ní 2025, àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọlé. Fúláàtì 1,320 ló wà nínú rẹ̀, alájà 22 sì ti di 32. Nígbà tí wọ́n ṣí i, kò sí ọ́fíìsì kankan ní gbogbo Amẹ́ríkà tí wọ́n tíì sọ di ilé gbígbé tó tóbi tó o.

Ìròyìn tí wọ́n kọ lórí ilé yìí pọ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń sọ ni pé àwọn èèyàn ti ń padà wá gbé àárín ìlú, bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n jí lọ́jọ́ kan, tí ìrìn ọ̀nà jíjìn sú wọn, tí wọ́n sì di ẹrù. Wall Street, àdúgbò àwọn báńkì tí ilé náà wà, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Owó ló kó èèyàn padà síbẹ̀: owó tí ọ́fíìsì kò mú wọlé mọ́, àti owó-orí tí ìjọba gbà láti má gbà. Irú ẹni tó sì lè padà wá, ọwọ́ ohun tí ìjọba bá kọ sínú òfin lọ́jọ́ tó ń yọ̀ǹda owó-orí náà ló wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Manhattan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni 25 Water Street fi hàn wá.

Kí a tó sọ pé èèyàn padà síbì kan, ó yẹ ká mọ àwọn tó wà níbẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni àwọn Dutch tẹ̀dó sí ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà sì wà lára àwọn tó fi ọwọ́ wọn kọ́ ìlú náà. Láti 1711 di 1762, ọjà ẹrú wà ní ìdí Wall Street, létí odò. Ní 1991, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń walẹ̀ láti kọ́ ọ́fíìsì sí 290 Broadway, itẹ́ òkú àwọn adúláwọ̀ ni wọ́n wà kàn. Òkú 419 ni wọ́n gbé jáde, wọ́n sì tún wọn sin síbẹ̀ ní 2003; láti 2006 ni ibẹ̀ ti di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Nígbà míì tí mo bá rí ìpolówó ilé tó ń pe àdúgbò yẹn ní àdúgbò tuntun, àwọn 419 wọ̀nyí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Báńkì, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò àti ọjà ìpín ìdókòwò ni wọ́n gba ilẹ̀ náà mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1970, ibi iṣẹ́ lásán ni. Láàárọ̀, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ á da èèyàn síbẹ̀ rẹpẹtẹ. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n ti lọ tán. Àwọn tó kọ́kọ́ padà wá sùn nítòsí ibẹ̀, Battery Park City ni wọ́n gbé, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n fi erùpẹ̀ dí nínú odò Hudson. Lára erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ World Trade Center lélẹ̀ ni wọ́n dà síbẹ̀. Ní 1982 ni ayálégbé àkọ́kọ́ wọlé. Ilé tuntun nìyẹn ṣá, kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan ọ́fíìsì.

Ohun tó fọwọ́ kan ọ́fíìsì ni ìṣubú ọjà ìpín ìdókòwò ní October 1987. Àwọn báńkì ń wọnú ara wọn, òmíràn kó lọ sí Midtown, ìyẹn àárín Manhattan, òmíràn sọdá sí New Jersey. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọ́fíìsì àdúgbò náà lọ tó ṣófo. Ilé tó ṣófo kì í san owó-orí tó jọjú, torí èrè tí ilé ń mú wọlé ni wọ́n fi ń díye lé e. Ìjọba ìlú, tí Rudy Giuliani jẹ́ olórí rẹ̀, àti ìjọba ìpínlẹ̀ wá gbé òfin kan kalẹ̀ ní 1995 tí wọ́n ń pè ní 421-g. Ohun tó ń wí kò le: sọ ọ́fíìsì rẹ di ilé gbígbé ní ìsàlẹ̀ Manhattan, a ó sì dín owó-orí rẹ kù fún ọdún bíi méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò béèrè lọ́wọ́ onílé pé kó fi yàrá kan sílẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. 45 Wall Street àti 25 Broad Street wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, ní àyíká 1997. Kí òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2006, fúláàtì tó ti ara rẹ̀ jáde ti lé ní 12,000.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé

Àwọn ilé wo ni wọ́n kọ́kọ́ mú? Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, òun ni àwọn oníròyìn sì sábà máa ń fò kọjá.

Ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, iná rẹ̀ kò sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ jókòó sí ìtòsí fèrèsé kó tó lè ka ohun tó wà níwájú rẹ̀, kí atẹ́gùn sì tó lè fẹ́ sí i. Nítorí náà, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ilé, tàbí kí wọ́n fi àgbàlá sáàárín rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di fúláàtì, iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó bẹ̀rẹ̀: ibi tó wù kó la ògiri sí, yàrá á kan ìta. Lẹ́yìn ogun ni amúlétutù àti iná fluorescent dé, ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Onílé kò bìkítà mọ́ bí ẹni tó wà láàárín kò bá rí ojú ọ̀run láti àárọ̀ di alẹ́. Ibi iṣẹ́ sá ni. Ilé gbígbé ní New York kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ìlú náà sọ pé yàrá tí èèyàn ń sùn gbọ́dọ̀ ní fèrèsé tó kọjú síta.

Àwọn ilé tẹ́ẹ́rẹ́ ni 421-g kó lọ. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé, tí ọ́fíìsì sì tún ṣófo gan-an, àwọn ilé sísanra ló ṣẹ́ kù nílẹ̀.

25 Water Street sanra. Àjà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó nǹkan bí 50,000 fíìtì níbùú-lóòró. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé kò ní fèrèsé gidi. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ìwé báńkì ni wọ́n kọ́ ọ fún, ẹ̀rọ kì í sì í wo ìta, nítorí náà ihò gbọọrọ tóóró ni wọ́n lu sára bíríkì náà. Àwọn kan máa ń sọ pé ó jọ káàdì onihò tí wọ́n ń kì sínú kọ̀ǹpútà láyé àtijọ́. Bí ilé ṣe rí nìyẹn nígbà tí Metro Loft, GFP Real Estate àti Rockwood Capital rà á ní 2022, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 dọ́là. Nathan Berman tó ni Metro Loft kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí, ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti àsìkò 421-g.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Wọ́n gé inú ilé náà. Àwọn ayàwòrán ilé CetraRuddy ya kòtò méjì sáàárín rẹ̀, láti orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n gé gbogbo àjà tó wà lójú ọ̀nà kúrò, kọnkéré àti irin, kí oòrùn lè ríbi wọlé. Fúláàtì tí kò bá kọjú sí ìgboro, àgbàlá inú yìí ni fèrèsé rẹ̀ á kọjú sí. Bíríkì onihò tó wà níta náà kò ṣẹ́ kù bó ṣe wà, wọ́n ṣí ojú fèrèsé ńláńlá síbẹ̀.

Ẹ óò béèrè pé ta ni yóò sanwó àjà tí wọ́n gé dànù? Òfin ilé kíkọ́ New York máa ń ka iye fíìtì tí ilẹ̀ kan lè gbé. Ohun tí o bá gé kúrò láàárín, o lè gbé e lé orí. Ìdí rèé tí ilé náà fi ga sí i ní alájà mẹ́wàá: àárín tó ṣókùnkùn, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, ni wọ́n pààrọ̀ fún òkè tó ń wo omi, tí owó ilé ibẹ̀ sì wọ́n jù. Berman ti dán an wò nítòsí ibẹ̀, ní 180 Water Street, tí wọ́n parí ní 2017. Ọgbọ́n yìí jọ mí lójú gan-an, n kò ní pa á mọ́ra.

Páìpù ńkọ́? Ọ́fíìsì máa ń kó gbogbo ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ sójú kan láàárín ilé. Fúláàtì 1,320 ń fẹ́ kíṣínì tirẹ̀ àti balùwẹ̀ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé wọ́n ní láti lu àjà kọ̀ọ̀kan ní ibi rẹpẹtẹ kí omi lè gòkè, kí ìdọ̀tí sì lè sọ̀ kalẹ̀. Ti lífítì kò le tó bẹ́ẹ̀, torí ọ́fíìsì máa ń ní jù ohun tí ilé gbígbé nílò lọ: kì í ṣe gbogbo ayálégbé ló ń dé ní aago mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà.

Síbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo gígé yìí, àwọn ibì kan ṣì wà tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Wọ́n fi èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ṣe ibi ìgbafẹ́, odò ìwẹ̀ àti pápá basketball. Ní ti irú ilé báyìí, ọgbọ́n mìíràn tún wà: ìyẹ̀wù tí kò ní fèrèsé, wọn kì í pè é ní yàrá. Home office ni wọ́n ń kọ sórí àwòrán rẹ̀. Bí ayálégbé bá wọlé tán tó sì gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, ìyẹn kù sọ́wọ́ rẹ̀. Fésì-mi-kí-n-fésì-ẹ ti Mushin pàápàá ní fèrèsé o!

Ohun tí òfin kejì béèrè

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ òfin. 421-g kò béèrè fún àyè tálákà, ṣùgbọ́n ó ní ìlérí kan nínú: níwọ̀n ìgbà tí onílé bá ṣì ń jẹ ẹ̀dínwó owó-orí, kò gbọdọ̀ máa fi owó kún owó ilé bó ṣe wù ú, òfin ìṣàkóso owó ilé ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Àwọn onílé ní rárá, pé nígbà tí owó ilé bá ti kọjá $2,000 lóṣù, fúláàtì náà ti bọ́ lábẹ́ òfin yẹn. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé àkọ́kọ́ sì ti kọjá $2,000 láti ọjọ́ tó wọlé, ìyẹn ni pé ìlérí náà kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Àwọn ayálégbé ilé kan ní 50 Murray Street àti ọ̀kan mìíràn ní 90 West Street kò gbà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New York. Ní June 2019, ilé ẹjọ́ dá wọn láre. Ọdún 24 ti kọjá lórí òfin náà nígbà yẹn, ẹ̀dínwó owó-orí ti tán lórí ọ̀pọ̀ ilé, àwọn ayálégbé tó kọ́kọ́ san owó àsanjù ti kó lọ tipẹ́. Lójú tèmi, àwọn aṣòfin ló jẹ̀bi. Ẹni tó ń fúnni lówó, tí kò sì kọ ohun tó ń fẹ́ sílẹ̀ yékéyéké, ilé ẹjọ́ ni yóò bá a kọ ọ́ nígbà tó bá ti pẹ́ jù.

Òfin kejì dé ní April 2024, ní àsìkò Gómìnà Kathy Hochul. 467-m ni nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ̀dínwó rẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì: ní ìsàlẹ̀ àti àárín Manhattan, ó lè tó 90% owó-orí ilé, fún ọdún tó lè tó 35. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìdá kan nínú mẹ́rin fúláàtì gbọ́dọ̀ wà fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn mọ níwọ̀n, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ ìṣàkóso títí láé. Ní 25 Water Street, nǹkan bíi 330 nìyẹn. Lọ́tìrì ni wọ́n fi ń pín in, lórí ìkànnì ìjọba ìlú tí wọ́n ń pè ní Housing Connect. Ẹni tó ti bá wọn ṣe lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà rí mọ bí ìrètí irú ẹ̀ ṣe ń rí.

Mo fara mọ́ òfin yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Tí a bá da gbogbo fúláàtì olówó ìwọ̀nba náà pọ̀, 80% iye tí wọ́n kà sí ìwọ̀n owó tó ń wọlé fún ìdílé ní agbègbè New York ni òfin fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní 2024, fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́ta, 80% yìí lé ní $110,000 lọ́dún. Òfin náà ya ìwọ̀nba díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí owó wọn kò tó ìdajì ìwọ̀n náà, díẹ̀ náà ni o. Ẹ wo obìnrin wa tó ń gbé Bronx, tó ń ṣe home care, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní ìdájí lọ tọ́jú ìyá arúgbó kan nínú Manhattan. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ará wa ní New York. Nínú ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ni ìrètí rẹ̀ wà. Nọ́ọ̀sì tó ní ìwé ẹ̀rí, tí ọkọ rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, ló sún mọ́ òṣùwọ̀n yẹn jù.

Ẹnìkan bi mí bóyá Èkó lè ṣe irú èyí ní Marina àti Broad Street, níbi tí ọ́fíìsì ti ṣófo láti ìgbà tí àwọn báńkì ti ń kó lọ sí Victoria Island. Ohun tí New York fi fa àwọn onílé lọ́wọ́ ni owó-orí ilé tó wúwo débi pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò tó iṣẹ́ kíkọ́ ilé ní èrè. Land Use Charge ti Èkó kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba bá tilẹ̀ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kò lè san owó kòtò méjì tí wọ́n gé sínú ilé. Nǹkan mìíràn ni Èkó máa wá.

Àwọn tó ti débẹ̀

Alliance for Downtown New York, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó àdúgbò náà, sọ pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti lé ní 60,000. Kò dé ibẹ̀ tààrà. Lẹ́yìn September 11, 2001, nígbà tí eruku World Trade Center bo gbogbo ilé, ọ̀pọ̀ ló rò pé gbígbé ibẹ̀ ti dópin. Ìjọba àpapọ̀ fi owó ránṣẹ́ nípasẹ̀ Lower Manhattan Development Corporation, wọ́n sì ń fún ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀wé pé òun á gbé ibẹ̀ fún ó kéré tán ọdún méjì ní owó ìrànwọ́. Owó ìjọba lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nǹkan tí èèyàn nílò láti gbé ìgbé ayé rẹ̀ tẹ̀ lé wọn ṣùgbọ́n ó lọ́ra. One Wall Street, ilé báńkì ọdún 1931 tó ti di fúláàtì, ọdún 2023 ni Whole Foods ṣílẹ̀kùn sínú rẹ̀. Ti àwọn ọmọ ni mo rò pé kò sẹ́ni tó kà mọ́ ìṣirò. Wọ́n ń kọ́ fúláàtì fún ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, wọn ò rántí pé ọ̀dọ́ ń gbéyàwó, wọ́n sì ń bímọ. Ní Peck Slip, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n sọ di ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ṣí ní 2015. Kò ní pápá ìṣeré nílẹ̀. Ojú títì tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n ń dí fún mọ́tò ní àsìkò ìsinmi kí àwọn ọmọ lè ríbi sáré.

Omi wá ńkọ́? Ní October 29, 2012, ìjì Sandy ti omi òkun wọ ìsàlẹ̀ Manhattan. Ìwé ìròyìn Daily News, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí 4 New York Plaza ní 2011, ni omi lé jáde níbẹ̀, wọ́n sì ní láti lọ wá ibòmíràn ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n padà. Ní August 2020 ni wọ́n ti ọ́fíìsì náà pa pátápátá, tí àwọn akọ̀ròyìn sì ń ti ilé wọn ṣiṣẹ́. Inú ilé kan náà yìí ni ayálégbé fúláàtì 1,320 ń sùn báyìí. Ìjọba ìlú gbé ètò kan jáde ní December 2021 láti dí etí omi àdúgbò náà ga, kí ilẹ̀ sì tún wọnú odò díẹ̀ sí i. Iye tí wọ́n dá lé e jẹ́ bílíọ̀nù 5 sí 7 dọ́là. Ọ́fíìsì tí omi bá wọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á dúró sílé tiwọn títí omi á fi gbẹ. Ẹni tí ibẹ̀ jẹ́ ilé rẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò dúró sí, mo sì ń retí kí ẹni tó ń fi owó-orí sílẹ̀ sọ ibi tí bílíọ̀nù yẹn yóò ti wá.

Ní báyìí ná, iṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú. Ní December 2024, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú fọwọ́ sí ètò tí wọ́n ń pè ní City of Yes. Tẹ́lẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1961 nìkan ni òfin ìlú jẹ́ kó rọrùn láti sọ di ilé, 1977 sì ni ti ìsàlẹ̀ Manhattan. Ó ti di 1990 báyìí jákèjádò ìlú, àwọn ilé sísanra ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́. Ilé tí yóò gba ipò èyí tó tóbi jù lọ́wọ́ 25 Water Street ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Midtown: orílé-iṣẹ́ Pfizer àtijọ́ ní East 42nd Street, fúláàtì bíi 1,600. Metro Loft ti Berman kan náà ló wà nídìí rẹ̀, 467-m kan náà sì ni wọ́n fẹ́ lò.